Omi Ulé

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọyẹ́ da eruku bo gíláàsì iwájú.
Mo tẹ bọ́tìnì, omi fọ́n sókè lẹ́ẹ̀mejì,
wáípà lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀,
ojú ọ̀nà là.
Ṣùgbọ́n nǹkan kan gba ihò atẹ́gùn wọlé tọ̀ wá,
ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n gbàgbé,
bí àkísà abẹ́ àmù,
bí ọ̀pọ̀lọ́ tó kú sí kòtò ẹ̀yìnkùlé.

Kí a tó dé Àrámọkọ, mo ti wo bàtà Díákónì Fájuyìgbé,
Díákónì wo àpò ẹja Ìbídùn,
Ìbídùn wo ọmọ tó sùn sí itan rẹ̀,
ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ wò: gbígbẹ ni.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
A ṣí fèrèsé, eruku wọlé; a tì í, òórùn jókòó.
Ìyá mi nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú,
tí mò ń gbé ojú rẹ̀ lọ fi han dókítà l'Ádó,
èéfín ni ojú yẹn ń rí lára ohun gbogbo,
ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ṣì wà bíi ti ọmọ ogún ọdún,
òun ló ní, "Nǹkan yìí, mo mọ̀ ọ́n."

Ní Ìyìn, Bámitálẹ̀ mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì.
Ó ṣí ọmọrí ike kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn iná,
ó fa orí sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.
"Háà, ọ̀gá! Kí lẹ bù sí i?"
Ó tú u, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.
Omi náà kò dà, yíyọ̀ ló yọ̀ jáde,
bí ọbẹ̀ ilá àná, àwọ̀ ewé, ó ń fà.
"Omi wo nìyí?"

Ahọ́n mi wúwo.
Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá nílé, ẹ mọ̀ ọ́n:
ẹ kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.
Lẹ́yìn iṣu, lẹ́yìn èlùbọ́,
kẹ́ẹ̀gì kan, tó ti fi kànrìnkàn fọ̀ nínú lóde,
omi ìsun abẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, tó ń tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn.
"Omi ulé rèé. Mu ún, kó o má gbàgbé ulé."
Èmi rèé, omi inú ọ̀rá ni mò ń mu.
Ọdún mẹ́ta gbáko, omi ìyá mi,
gíláàsì ni mo fi ń fọ̀.

Bámitálẹ̀ gbé omi kaná, ó po ọṣẹ àti fínígà díẹ̀ sí i,
ó gbọn ike náà, ó dà á nù, ó tún gbọ̀n ọ́n.
Ó fẹnu fẹ́ okùn róbà rẹ̀, ó tutọ́, ó ṣépè.
Ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ la ojú ihò méjèèjì.
"Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ni kẹ́ ẹ máa rà.
Omi lásán, tí ooru ẹ́ńjìnnì ń sè lójoojúmọ́,
kí lẹ fẹ́ kó dà?"

Ìyá mi jókòó lórí táyà, ó kọjú sí ilẹ̀ tó tutù.
N kò mọ ohun tó rí níbẹ̀.
Ó ní, "Omi ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.
Ikùn ni mo bù ú fún."
Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò mọ adùn rẹ̀,
ó ní ká máa lọ, dókítà kì í dúró de èèyàn.

Lọ́jọ́ tí mo dá a padà sílé, òwú funfun lójú kan,
kẹ́ẹ̀gì méjì ló gbé sẹ́nu ọ̀nà.
Ó fọwọ́ tá ńlá: "Ti ọkọ̀ rẹ rèé."
Ó gbé kékeré lé mi lọ́wọ́,
kò sì kúrò níwájú mi
títí mo fi ṣí i, tí mo gbé e sẹ́nu,
ó dẹ etí sí ọ̀fun mi,
ó ń kà á:
gbì, gbì, gbì.